ẸSẸ̀ TÍ Ó GBÉ WA DÉ JOS: ÌTÀN IṢẸ́ ARA ÀTI ÌLERA ÀGBÀ LÁÀRIN ÀWA YORÙBÁ ÌLÚ ÒKÈ

Ìlera loògùn ọrọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Nínú ìwé ìrántí bí irú èyí, a máa ń ka ìtàn bí a ṣe tẹ̀dó sí ìlú yìí, àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dé, àwọn olórí ẹgbẹ́ àti àwọn tí wọ́n ti re ibi àgbà ń rè. Lọ́tẹ̀ yìí, ìtàn kan náà ni a fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àti apá àwọn baba àti ìyá wa ni a fẹ́ fi sọ ọ́: bí wọ́n ṣe ń lo ara wọn, bí lílo ara náà ṣe kúrò lọ́wọ́ wa, àti bí àwa tí a ti lé ní ogójì ọdún ṣe lè gbà á padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ẹni tí ó bá ń bá wa lọ síbi ìsìnkú yóò ti kíyè sí i pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí a ń sin ni ó dàgbà. Òṣìṣẹ́ ìjọba a ṣiṣẹ́ fún ọdún 35, tàbí kí ó pé ọmọ ọgọ́ta ọdún, a gba ìwé ìfẹ̀yìntì, ilé tí ó fi owó oṣù kọ́ sí ìlú rẹ̀ a ṣì máa rùn ọ̀dà, ni àrùn rọpárọsẹ̀ bá wọlé dé. Ìyàwó a di opó, owó ìfẹ̀yìntì a di ohun tí àwọn ọmọ ń sáré ìwé kiri lé lórí. A kò sọ pé eré ìdárayá lè dá ikú dúró. Ọlọ́run nìkan ló ni ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wà ní ìkáwọ́ wa, kò yẹ kí a fi í sílẹ̀.

BÍ A ṢE DÉ ORÍ ÒKÈ

Kùsà ni ó sọ Jos di ìlú ńlá, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní kuza. Kí òyìnbó tó dé ni wọ́n ti ń wà á, tí wọ́n sì ń yọ́ ọ ní agbègbè yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni ilé iṣẹ́ Niger Company rán ènìyàn wá wo ibi tí ó ti ń jáde, láìpẹ́ iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní Naraguta. Kò sí ọ̀nà mọ́tò nígbà náà, kò sí rélùwéè. Orí ni àwọn aláàárù fi ń ru kùsà náà, wọ́n á ti orí òkè sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ rìn títí dé Lókó ní etí odò Benue, kí ọkọ̀ ojú omi tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹsẹ̀ ènìyàn ni rélùwéè àkọ́kọ́ tí Jos ní.

Lẹ́yìn náà ni ojú irin dé. Láti Èkó, ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1912, ènìyàn lè wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Kano. Ní ọdún 1914 ni ojú irin kékeré tí a ń pè ní Bauchi Light Railway gbéra láti Zaria dé Bukuru. Ní ọdún 1927 ni ojú irin ńlá tí ó wá láti ọ̀nà Port Harcourt gba Kafanchan wọ Jos. Ojú irin kékeré yẹn ń ṣiṣẹ́ títí di ọdún 1957.

Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa gbà dé. Àwọn kan wá ṣe akọ̀wé ní rélùwéè, ní ilé iṣẹ́ kùsà àti ní ọ́fíìsì ìjọba. Àwọn kan jẹ́ káfíńtà, bíríkìlà, télọ̀ àti olùkọ́. Àwọn ìyá wa sì ń ta aṣọ, obì, èlùbọ́ àti oríṣiríṣi ọjà tí wọ́n ń kó láti ilé. Bí ènìyàn bá ti Èkó tàbí Ìbàdàn dé, ohun àkọ́kọ́ tí yóò bá pàdé ni òtútù, èkejì sì ni èémí. Jos ga tó nǹkan bí 1,200 mítà ju ojú òkun lọ, ẹni tí kò bá tíì mọ́ lára yóò mí hẹlẹhẹlẹ bí ó bá gun òkè díẹ̀.

Nítorí òtútù yìí kan náà ni àwọn òyìnbó ṣe fẹ́ràn ibí. Wọ́n kọ́ ilé ìtura Hill Station, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù ní Rayfield, àwọn míṣọ́nnárì sì ń lọ sinmi ní Miango. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Òyìnbó jókòó sí ọ́fíìsì láti àárọ̀, nígbà tí ó bá di ìrọ̀lẹ́, ó mọ̀ pé ara òun ń fẹ́ eré, ó sì wá a lọ. Baba wa kò nílò irú eré bẹ́ẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti tó eré. Lónìí, àwa ni a jókòó sórí àga òyìnbó náà. Àga rẹ̀ ni a jogún, a kò jogún eré ìrọ̀lẹ́ rẹ̀.

IṢẸ́ TÍ Ó JẸ́ OÒGÙN ÀTI IṢẸ́ TÍ Ó JẸ́ ÌYÀ

Àwọn baba wa kò ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní eré ìdárayá ojoojúmọ́ fún àgbàlagbà. Ìjàkadì wà fún àwọn ọ̀dọ́, ijó wà fún tọmọdé tàgbà, ayò sì wà fún ìrọ̀lẹ́, lábẹ́ igi. Èyí tí ó kù, oko àti ọjà ló ń ṣe é. Ẹni tí oko rẹ̀ jìnnà sí ilé ti rin ìrìn ọjọ́ kí ó tó gbé ọkọ́. Alájàpá ń fi ẹsẹ̀ láti ìlú kan dé èkejì. Nígbà tí a dé Jos, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí. Ẹni tí ó wà ní Bukuru tí ó ní iṣẹ́ ní Jos, nǹkan bíi kìlómítà 15 ni ó wà láàrin méjèèjì. Bí kò bá rí ọkọ̀, ẹsẹ̀ tàbí kẹ̀kẹ́ Raleigh ni yóò gbé e. Ìyá wa á pọn omi, á lọ ata lórí ọlọ, á gún iyán nínú odó, á tún gbé igbá ọjà rẹ̀ rù. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé kí ó lo apá rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni ó ń lò ó.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́. A kò sọ pé gbogbo làálàá ni ó dára fún ara. Ìlú Jos yìí gan-an ní ẹ̀rí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí Japan gba ilẹ̀ Malaya ní ọdún 1942, tí kùsà ibẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba fi tipátipá kó ènìyàn tí ó ju 100,000 lọ láti ìgbèríko àríwá wá sí ibi ìwakùsà orí òkè yìí, títí di ọdún 1944. Oúnjẹ kò tó, ibùsùn kò dára, òtútù mú, àìsàn sì kọlù wọ́n. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò padà sílé. Iṣẹ́ tí kò ní oúnjẹ, tí kò ní ìsinmi, tí ènìyàn kò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn, kì í ṣe ìdárayá, ìyà ni. Èyí tí ń gbé ara ró ni lílo ara níwọ̀ntúnwọ̀nsì, pẹ̀lú oúnjẹ tí ó ṣe ara lóore àti oorun tí ó tó.

ÌGBÀ TÍ ÌJÓKÒÓ DÉ

Kì í ṣe ọjọ́ kan ni ìrìn kúrò lẹ́sẹ̀ wa. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ní ọdún 1974, Jos ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi àwòrán aláwọ̀ hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ní Nàìjíríà, láti ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Benue-Plateau. Inú wa dùn sí i, ó sì yẹ kí ó dùn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni àga ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìrọ̀lẹ́ wa. Ní ọdún kejì rẹ̀ ni owó Udoji dé. Òṣìṣẹ́ ìjọba gba àjẹsílẹ̀ owó oṣù, ẹni tí ó ń rìn ra alùpùpù, ẹni tí ó ní alùpùpù ra mọ́tò. Ní ọdún 1976 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Plateau sílẹ̀, iṣẹ́ ọ́fíìsì sì pọ̀ sí i: fáìlì ń ti orí tábìlì kan bọ́ sí òmíràn, ìránṣẹ́ ló ń gbé e, ọ̀gá kì í dìde.

Lẹ́yìn náà ni iye tí wọ́n ń ta kùsà já wálẹ̀ káàkiri àgbáyé ní ọdún 1985, iṣẹ́ ìwakùsà sì rọ. Ọjà ńlá Terminus tí àwọn ìyá wa ń fi ẹsẹ̀ gùn, tí wọ́n ń sọ̀, jóná ní ọdún 2002, ọjà fọ́n ká sí àdúgbò. Ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá kọ́ wa pé ọ̀nà tí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, owó ni a fi ń rìn ín. Ẹ̀rọ ìlọta gba ọlọ, ẹ̀rọ ìgúnyán gba odó. Láti ọdún 2001 tí fóònù alágbèéká ti dé, kódà ìkíni wa kò fẹ́ ẹsẹ̀ mọ́. Nígbà kan, ẹni tí ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò yá yóò rìn láti Tudun Wada lọ wò ó ní Nasarawa. Nísinsìnyí, a ó pè é lórí fóònù, a ó wí pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ara àìyá," a ó sì padà jókòó.

A kò bú ìtura wọ̀nyí. Kò sí ẹni tí yóò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ padà sídìí ọlọ. Ohun tí a ń wí ni pé iṣẹ́ wọ̀nyí ru oògùn kan sórí, nígbà tí iṣẹ́ sì lọ, ó gbé oògùn náà lọ, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún wa. Oúnjẹ àgbẹ̀ ni a ṣì ń jẹ, ẹ̀bà àti iyán òkè-ńlá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ akọ̀wé ni a ń ṣe.

AWAKỌ̀ ÀTI KỌ̀ŃDỌ́KÍTỌ̀

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé ìjókòó ló fà á? Dókítà kan ní ìlú Lọ́ńdọ̀n, Jeremy Morris, ló kọ́kọ́ fi í hàn kedere. Ó ṣàyẹ̀wò àwọn ọkùnrin bí 31,000 tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ní ìlú náà, láti ẹni ọdún 35 sí 64, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1953. Bọ́ọ̀sì alájà méjì ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Awakọ̀ jókòó láti àárọ̀ di alẹ́. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè láti gba owó, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó tó àtẹ̀gùn 500 sí 750 lóòjọ́. Àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ kan náà, inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n wà. Síbẹ̀, àrùn ọkàn tí ń mú àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ kò tó ti àwọn awakọ̀, èyí tí ó sì mú wọn kì í sábà pa wọ́n lójijì.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba ẹlẹgbẹ́ wa, apá kejì iṣẹ́ náà ló kàn wá jù. Dókítà Morris tún fi àwọn apín-lẹ́tà, tí ń fi ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ kiri, wé àwọn akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ tí ń jókòó. Bákan náà ni ó rí: akọ̀wé ni àrùn ọkàn ń mú jù. Dókítà náà fúnra rẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ yìí mọ lórí ìwé. Ó ń sáré, ó ń lúwẹ̀ẹ́ títí ó fi darúgbó. Ọdún 1910 ni wọ́n bí i, ọdún 2009 ni ó kú, ẹni ọdún 99.

Ọ̀nà tí ó gbà ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti lóye. Ẹran ara ni ọkàn. Bí a bá ń lò ó, á lágbára, ìwọ̀nba lílù díẹ̀ ni yóò fi gbé ẹ̀jẹ̀ tí ó pọ̀. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ á rọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru á sì wálẹ̀. Bí ẹran ẹsẹ̀ àti itan bá ń ṣiṣẹ́, wọ́n á máa fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lò, èyí tí ó jẹ́ ìrànlọ́wọ́ ńlá fún ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ tàbí tí ó ní in nínú ẹbí. Eegun á le, oorun á dùn, ọkàn tí ó rẹ̀wẹ̀sì á gbérí.

ṢÉ KÒ TI PẸ́ JÙ?

Ìbéèrè tí àwọn àgbà wa máa ń bi wá nìyí. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kò tíì pẹ́. Ní ọdún 1966, ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún, ọmọ ogún ọdún, wọ́n ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Nígbà tí wọ́n dìde, agbára ọkàn àti èémí wọn ti lọ sílẹ̀ gidigidi. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, wọ́n tún pe àwọn márùn-ún náà padà, wọ́n ti di ẹni àádọ́ta ọdún. Ohun ìyanu méjì ni wọ́n rí. Èkínní, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta orí bẹ́ẹ̀dì bà wọ́n jẹ́ ju ọgbọ̀n ọdún ọjọ́ orí lọ. Èkejì, nígbà tí wọ́n rìn, tí wọ́n sáré díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ fún oṣù mẹ́fà, agbára tí ọjọ́ orí gbà lọ padà wá. Ní ti àwọn tí ó dàgbà jù wọ́n lọ, ní ìlú Boston ní ọdún 1990, wọ́n kọ́ àwọn arúgbó tí wọ́n tó nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún ní bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ gbé ohun tí ó wúwo. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, agbára ẹsẹ̀ wọn ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹni kan wà tí ìtàn rẹ̀ bá àwa tí a fi ilé sílẹ̀ mu. Fauja Singh ni orúkọ rẹ̀, ará Punjab ní India. Àgbẹ̀ ni. Ikú ìyàwó rẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀ bà á nínú jẹ́ gan-an, ó sì kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ mìíràn ní Lọ́ńdọ̀n. Ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kí ìbànújẹ́ má baà bò ó mọ́lẹ̀. Ní ọdún 2000, nígbà tí wọ́n kà á sí ẹni ọdún 89, ó sá eré ìje mọ́ratọ́ọ̀nù Lọ́ńdọ̀n parí; ní ọdún 2011, nígbà tí wọ́n kà á sí ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún, ó sá ti Toronto parí. Mọ́tò ló kọlù ú ní abúlé rẹ̀ tí ó fi kú ní ọdún 2025. A kò ní kí ẹnikẹ́ni sáré bíi tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé àgbàlagbà tí ó wà ní àjò, tí ọkàn rẹ̀ wúwo, lè rí ìtùnú nínú lílo ẹsẹ̀ rẹ̀.

ỌDÚN TÍ Ẹ̀RÙ TI ÌLẸ̀KÙN

Ìtàn ìrìn ní Jos kò ní pé bí a kò bá mẹ́nu kan rògbòdìyàn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, àti ní oṣù kìíní ọdún 2010, a rí ohun tí ojú wa kò rí rí. Kónílé-ó-gbélé dé. Àwọn àdúgbò pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, ọ̀nà tí a máa ń gbà kọjá láìronú di ọ̀nà tí a ń yà fún. Ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa tí wọ́n máa ń jáde lẹ́yìn ìrun àṣùbá tàbí lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀ láti na ẹsẹ̀ kò jáde mọ́. Ẹ̀rù mú wọn jókòó, ìjókòó sì mú ẹ̀jẹ̀ ríru àti orúnkún dídùn wá. Àwọn tí ìbọn kò pa, ìjókòó ń pa wọ́n díẹ̀díẹ̀, a kò sì kà wọ́n mọ́ àwọn tí rògbòdìyàn ṣe lọ́ṣẹ́.

Àwọn àgbà ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kì í rí ẹni bá ṣeré. A kò ní kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Kí a má dá rìn, kí ilẹ̀ mọ́ dáadáa kí a tó jáde, kí a gba ọ̀nà tí a mọ̀, tí wọ́n sì mọ̀ wá. Níbi tí ọ̀nà kò bá fararọ, ọgbà ilé ìwé, ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́sáláṣí tó rìn yípo.

OHUN TÍ A LÈ ṢE NÍHÌN-ÍN

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọdún 2020 ní kí àgbàlagbà máa lo ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, ní ìwọ̀n tí kò le jù. Kí a sì máa ṣe èyí tí ń mú iṣan le ní ọjọ́ méjì ó kéré tán. Fún ẹni tí ó ti tó ọdún 65, kí ó máa ṣe èyí tí kì í jẹ́ kí ènìyàn ṣubú ní ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí a tú u sí èdè ilé wa.

Èkínní, ìrìn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọjọ́ márùn-ún ló fún wa ní 150. Bí kò bá ṣeé ṣe lẹ́ẹ̀kan, ẹ pín in sí mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ìrìn náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ìrìn fàájì. Kí a lè bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí a má lè kọrin. Òkè tí ó wà ní Jos yóò ran ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ́ lọ́wọ́. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kí ó rìn lórí ilẹ̀ tẹ́jú ná.

Èkejì, agbára. Ẹ jókòó sórí àga, kí ẹ dìde láìfi ọwọ́ ti nǹkan, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ sinmi, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri, kí ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ tì í padà. Ẹni tí ó ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ilé, kí ó kọ ebè, kí ó gbin pọ̀tétò tàbí ẹ̀fọ́. Ilẹ̀ Jos kì í ṣe ahun.

Ẹ̀kẹta, ìdúróṣinṣin. Ẹ di àga mú, kí ẹ fi ẹsẹ̀ kan dúró fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ìṣubú arúgbó kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Eegun ìbàdí tí ó bá ṣẹ́ a máa dá ènìyàn dùbúlẹ̀ títí. Ijó náà wà níbẹ̀. Bí a bá lọ síbi ìnáwó, kí a má jẹ́ kí jọ̀lọ́ọ̀fù nìkan dá wa mọ́. Kí a dìde fún onílù.

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀, kí ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà rẹ̀ wò. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà kan ilẹ̀kùn; bí ó bá tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀ léraléra, dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́. Ẹni tí ó ń lo oògùn, kí ó má ṣe torí ìrìn jù ú nù. Àyà dídùn, òòyì, tàbí èémí tí kò já gaara, àmì ìdádúró ni, ilé ìwòsàn ló kàn. Alátọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ rìn láìwọ bàtà tí ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Ní àkókò ọyẹ́, òtútù òwúrọ̀ a máa gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, eruku rẹ̀ kò sì bá alárùn ikọ́ fée lára mu. Kí a jẹ́ kí oòrùn ràn ná. Bí a bá sì ń lọ sílé, tí a ó fi odindi ọjọ́ jókòó sínú bọ́ọ̀sì, kí a sọ̀ kalẹ̀ rìn níbi tí ọkọ̀ bá ti dúró, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sínú ẹsẹ̀.

ẸGBẸ́ NI OÒGÙN Ọ̀LẸ

Gbogbo èyí kò ṣòro láti mọ̀. Àìdúró níbẹ̀ ni ìṣòro. Ẹni púpọ̀ ra bàtà ìsáré ní oṣù kìíní, ní oṣù kẹta ọmọ ilé ti ń fi lọ sí ọjà. Kì í ṣe pé ọkàn wa kò lágbára. Ìdí rẹ̀ ni pé a gbé iṣẹ́ tí ó yẹ kí a jọ ṣe lé ẹnìkan ṣoṣo lọ́wọ́. Àwọn baba wa mọ̀ bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ tí ó sú ni. Wọ́n dá aró sílẹ̀: àwọn ojúgbà á jọ kọ ebè oko ẹnìkan lónìí, ti ẹnìkejì lọ́la, títí yóò fi kárí. Wọ́n ní ọ̀wẹ̀ fún iṣẹ́ àna àti ti ilé kíkọ́. Wọ́n ní èsúsú, tí ìtìjú ẹgbẹ́ kì í jẹ́ kí ènìyàn pa owó tirẹ̀ jẹ. Nínú aró, kì í ṣe ìfẹ́ oko ni ó ń jí ènìyàn dìde. Ó mọ̀ pé àwọn ojúgbà òun ti dúró sí ìkóríta.

Nítorí náà, àbá wa fún ẹgbẹ́ yìí ni aró ẹsẹ̀. Kí àwọn tí ó wà ní àdúgbò kan kó ara wọn jọ, márùn-ún tàbí mẹ́fà. Kí wọ́n yan ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Lọ́sẹ̀ yìí, láti ilé tèmi. Lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, láti ilé tìrẹ. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí ó wá sílẹ̀ bí akápò èsúsú ṣe ń kọ owó. Ẹni tí kò bá wá, ilé rẹ̀ ni ìrìn ọjọ́ náà yóò parí sí. Bí àìsàn ni, a ti bẹ̀ ẹ́ wò, bí ọ̀lẹ ni, ojú á tì í. Báyìí ni ìkíni tí fóònù gbà lọ́wọ́ wa yóò padà. Àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tí ó jẹ́ ọmọ wa lè máa wọn ẹ̀jẹ̀ ní ìpàdé oṣooṣù. Ní àjọ̀dún, kí a má fi ẹ̀bùn fún ẹni tí ó yára jù. Ẹni tí kò pa ọjọ́ jẹ ni kí a fún. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àgbájọ ẹsẹ̀ ni a ó sì fi dàgbà.

Àjò kò dùn kí onílé má relé. Àwọn aláàárù rìn láti Naraguta dé Lókó, nítorí pé ẹlòmíràn ni ó ni ẹrù tí ó wà lórí wọn. Ìrìn tí a ń bẹ ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa pé kí ẹ rìn, ẹ̀yin gan-an ni ẹ ni èrè rẹ̀: kí ẹ lè fi ẹsẹ̀ ara yín wọ ilé tí ẹ kọ́ sílé, kí ẹ lè gbé ọmọ-ọmọ yín pọ̀n, kí ẹ sì jẹ owó ìfẹ̀yìntì yín pẹ́. Olódùmarè yóò fún wa ní ẹ̀mí gígùn pẹ̀lú ara líle, yóò sì fi àlàáfíà sí ìlú Jos àti ìpínlẹ̀ Plateau. A ó ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ láyé, lórí ìnàró. Àmín, àṣẹ.